Mẹ́rìndínlógójì Ààbọ̀ Ni Mo Kọ fún Yema

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, mo pa ọ̀rẹ́ mi. N kò yọ àdá sí i, n kò sì bu májèlé sí oúnjẹ rẹ̀. Bíírò ni mo fi pa á, gbogbo ìgbà tí mo sì ń ṣe é ni mò ń fi omi kulorínì fọ ọwọ́ mi kí ó lè mọ́.

Baindu ni orúkọ mi. Lọ́dún tí Ebola wọ ìhà wa ní Sierra Leone, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní abúlé Vaalewoma. Brima ló ń fi ọ̀kadà gbé mi kiri. Ilé tí àrùn náà bá ti mú ẹnì kan ni à ń lọ, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko la sì gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀. Láràárọ̀, a ó dúró lókèèrè díẹ̀, a ó na tẹmómítà tó rí bí ìbọn kékeré sí iwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ iye tó bá gbé jáde sínú ìwé. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, a ó pe ọkọ̀ kíá kí wọ́n gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Ẹni tó bá tètè débẹ̀ lè yè. Ẹni tí wọ́n bá fi pamọ́ sílé, òun àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló jọ ń lọ.

Ilé Lahai wà lára ilé tí mò ń lọ. Ènìyàn méje ló wà níbẹ̀. Yema, ìyàwó Lahai, ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ọdún kan náà làwọn ìyá àgbà mú àwa méjèèjì wọ igbó Sande láti sọ wá di obìnrin. Nígbà tí mò ń rọbí Bondu ọmọ mi, ẹ̀yìn Yema ni mo faratì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyá Lahai ló kọ́kọ́ kó àrùn náà. Èmi ni mo pe ọkọ̀. Àwọn aláṣọ funfun gbé màmá lọ, ó kú sọ́hùn-ún, wọ́n sì sin ín sínú àpò ike láìwẹ̀ ẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú tí wọn ò bá wẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀. Á máa rìn káàkiri ni, á máa bínú.

Lahai wò mí títí lọ́jọ́ náà. "Baindu," ó ní, "o ti ta ìyá mi. Mo ti gbọ́, mo ti rí."

*

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ogun bẹ̀rẹ̀.

A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nígbà tí òkò kọ́kọ́ dé. Ẹnu Brima ló bà. Eyín mẹ́ta bọ́ sórí táǹkì ọ̀kadà, ẹ̀jẹ̀ sì bo igbá àyà rẹ̀. Kí n tó kígbe, Lahai àti Momoh àbúrò rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ tún ti gbé ìbọn yín dé!" Lahai nawọ́ sí tẹmómítà tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ na ìbọn yìí sí ìyá mi lórí, ó kú. Ta ló kàn? Àbí èmi ni?"

"Lahai, jọ̀ọ́, kì í ṣe ìbọn—"

Àdá ló fi dá mi lóhùn. Mo gbé apá mi sókè, ó sì wọlé sí ẹran ọwọ́ mi láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. N kò mọ ìrora lára lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí ni funfun kan tó yọ nínú ẹran, lẹ́yìn náà ni pupa bò ó.

Momoh ti tú epo ọ̀kadà sórí ìjókòó, ó ṣá iná sí i. Brima ń fà mí, mò ń ṣubú, mò ń dìde. Yema sáré jáde, ó ń ké, "Lahai, Baindu ni! Baindu ni o!" Ọkọ rẹ̀ fún un ní ìgbájú tó gbé e lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àyè tí ìgbájú yẹn ṣí la gbà sá lọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n rán apá mi lójú méje. Ọ̀gá Kposowa, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ wa, wá bá mi níbẹ̀.

"Baindu, ṣé kí n kó sójà lọ sílé yẹn?"

Mo ti rí iṣẹ́ àwọn sójà ní abúlé kejì. Wọ́n fi okùn yí ilé kan ká, ebi pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jáde láti pọn omi, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án títí ó fi tọ̀ sára.

"Rárá, sà," mo ní. "Èmi fúnra mi á lọ."

"Obìnrin bí ọkùnrin!" Ọ̀gá Kposowa ní. "Irú ẹ là ń wá." Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Kò bi mí bóyá mò ń sùn. N kì í sì í sùn. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti máa ń gbọ́ òkò lórí páànù mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò jù ú. Ọmọ mẹ́rin ni mo ti pe ọkọ̀ fún tí wọn ò padà wálé. Igi gígùn làwọn aláta fi ń ti ata sí mi, wọn ò jẹ́ kí ọwọ́ wa kan ara wọn. Bí ènìyàn kan bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo ti fò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n sọ fún? Ẹni tí wọ́n ní ó dà bí ọkùnrin kì í sunkún.

*

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo lúgọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yema rí mi, ó rọra wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ojú rẹ̀ kan ṣì wú látàrí ìgbájú àná.

"Kí lo wá ṣe níbí? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Mo ní láti wọn ìgbóná ara yín, Yema. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù."

"Lahai ń pọ́n àdá láti àárọ̀. Ó ní bí òun bá tún rí ọ, orí lòun máa bẹ́." Ó wẹ̀yìn. "Gbọ́ mi. Ara gbogbo wa le koko. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Máa pè mí láràárọ̀, màá sọ bí a ṣe jí fún ọ, ìwọ náà á sì kọ ọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ wò ó, bí ìdẹwò ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í wọ aṣọ èṣù wá. Ọ̀rẹ́ ẹni ló máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, àánú á sì wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ara le?"

"Baindu, ìgbà wo ni mo parọ́ fún ọ rí?"

Mo padà sílé. Mo jókòó lórí ibùsùn mi, mo ṣí ìwé. Mo kọ mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀ fún Yema. Ìwọ̀n ara tó dára nìyẹn. Mo fi mẹ́rìndínlógójì lásán fún Lahai, mo sì fi díẹ̀ kún ti Tenneh ọmọ wọn, torí ara ọmọdé máa ń gbóná díẹ̀. Mo tilẹ̀ ń yí wọn padà kí ó lè jọ òótọ́. Inú mi dùn, n kò ní parọ́ fún yín. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo pè é. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Yema, kí ló dé?"

"Ó kàn rẹ̀ mí ni. Iṣẹ́ oko."

"Iṣẹ́ oko wo? Ṣebí ẹ kì í jáde nílé?"

"Baindu, ṣé wàá wá?"

Mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí n fi bò yín lójú, mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Apá mi tó ní ojú méje bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo rí àdá náà lójú mi.

"Màá pè ọ́ lọ́la," mo ní.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo pè é, fóònù dún, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó wà nínú ilé ìdáná. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó ń tì mí lójú jù: nígbà tí kò gbé e, ara tù mí. Bí kò bá ti gbé e, kò ní lè ní kí n wá.

Mo kọ mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀. N kò pè é mọ́.

*

Ìwà ipá wọ ara mi láti ọjọ́ náà. Bóyá ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, mò ń bọ̀ wálé, Bondu ọmọ mi sáré láti wá dì mọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti gbàgbé òfin ilé wa pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí kí n tó wẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn mí!"

Ó ti dé ara mi. Ike tí mo fi ń bu kulorínì ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi là á lẹ́nu. Mo tún là á. Mo nà án títí ike náà fi fọ́, mò ń ké pé, "Ṣé o fẹ́ kú ni? Ṣé o fẹ́ kí n kọ orúkọ tìẹ náà sínú ìwé?" Ìyá mi ló wá fà mí kúrò lórí rẹ̀.

Ètè ọmọ mi là, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ kí n tó nu ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí mo bí nínú ara mi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá mi ní, ó sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ rí, "kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyá mi."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kó Bondu lọ sílé tirẹ̀. Èmi jókòó, mo kọ ìwé mi.

*

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ìpàdé ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀ bọ́ sí abẹ́ bárì, níbi tí baálẹ̀ ti máa ń gbẹ́jọ́. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé dúró yíká. Brima wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wíwú. Ọ̀gá Kposowa gbé ìwé mi sókè.

"Ẹ wo iṣẹ́!" ó ní. "Wọ́n ṣá obìnrin yìí ládàá, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ilé Lahai. Yema: ọjọ́ kẹrìnlá, mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, lánàá òde yìí—"

"Yema wo?"

Gbogbo orí yí. Lahai ló dúró lẹ́yìn àwọn èrò. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ń tilẹ̀ bí ọ̀pá ni. Ojú rẹ̀ pọ́n kuku, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Àwọn èrò là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Mo ní Yema wo?"

"Yema ìyàwó rẹ," Ọ̀gá Kposowa ní.

"Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ rèé tí mo ti fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́, mo sì sin ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ohùn rẹ̀ là. "Ta ló wọn òkú ìyàwó mi? Ta ló bá mi lọ sínú ilẹ̀ lọ wọn ìyàwó mi?"

Ọ̀gá Kposowa wo ìwé, ó wò mí. Brima wò mí. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, màá fẹsẹ̀ ara mi wọ inú rẹ̀.

"Ó ń retí ẹ," Lahai ní, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. "Èmi lé ẹ, òótọ́ ni. Mo ní màá pa ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé ìwé! Ìwọ lo mọ̀ọ́kọ! Ó ń pè ẹ́ títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ!"

Ó gbé àdá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi lù mí lórí, mo wó lulẹ̀. Ó ta mí nípàá ní ìhà, ó tún ta mí. Àwọn ènìyàn ń ké ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án, torí gbogbo wọn ti rí òógùn yẹn. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó ṣubú lé mi, ó sì bì sí ọrùn mi.

"Baindu, tì í kúrò!" Ọ̀gá Kposowa ń ké. "Tì í kúrò lára rẹ!"

N kò tì í. Mo fi apá mi méjèèjì dì í mú, mo gbá a mọ́ra. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kú.

*

Mi ò kú. Lahai kú lọ́jọ́ kẹta. Momoh àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nínú ènìyàn méje tó ṣẹ́kù lẹ́yìn màmá, mẹ́rin lọ. Bí mo bá ti lọ lọ́jọ́ kọkànlá tí Yema ní kí n wá, àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ó yè, kí àwọn yòókù má sì wẹ òkú rẹ̀.

Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n tì mí mọ́ ilé mi nìkan, torí èmi náà ti fara kan aláìsàn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó wá ku ẹni tí yóò máa wọn ìgbóná ara mi. Gbogbo wọn kọ̀. Brima ló gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n fi yí ilé mi ká.

"Sista Baindu, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ sùn?"

"Mo sùn."

"Irọ́ tún ni," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi irọ́ sílẹ̀, ó ti tó."

Òkò bà á léjìká bó ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó jù ú ń ké pé kí wọ́n jó mi mọ́lé. Brima ò sá. Ó fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó na tẹmómítà, ó kọ ohun tó rí. Lójoojúmọ́ ló ń wá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń lé e, tí wọ́n ń tutọ́ sí i.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" mo bi í lọ́jọ́ kẹrin.

Ó rẹ́rìn-ín, ihò eyín rẹ̀ yọ. "Ẹ̀rù kẹ̀? Sista, láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣáná sí ọ̀kadà, ṣòkòtò mi á tutù. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Mo sọ fún Ọ̀gá náà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ sọ fún?"

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ fún un láti ẹ̀yìn okùn: òkò orí páànù, ọmọ mẹ́rin, ètè Bondu, fóònù, ìdí tí mo fi di Lahai mú. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí oòrùn fi là. Kò dá mi láre. Ó kàn ní, "Màá wá lọ́la," ó sì wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò wá tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn bá wà ládùúgbò yín, kí ẹ tó kí i pé ó kú iṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó sùn. Bó bá ní òun sùn, ẹ tún un bi.

*

Èmi àti Tenneh, ọmọ Yema, la pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ́jọ́ kan náà. Ilé tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣàìsàn sí ló wà. Brima gbé mi lọ síbẹ̀ lórí ọ̀kadà tí ó yá. Ó ki tẹmómítà àti ìwé bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ parí ẹ," ó ní. "Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní tòótọ́."

Ọmọ ọdún méje ni, ojú Yema ló wà lójú rẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, kò mira. Mo na tẹmómítà sí iwájú orí rẹ̀. Ó dún.

Mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀.

Mo tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Mo tẹ bíírò tó bẹ́ẹ̀ tó fi ya ìwé náà, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Ọmọ náà ń wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Baindu?"

"Èmi ni."

"Mo rí orúkọ yín nínú fóònù." Ó ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ pè yẹn, Màmá ní kí n gbé e sí òun létí, àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó dún, ó dákẹ́. Ó dún, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ni mo bá ń sunkún."

"Kí ni Màmá wá wí?"

"Ó ní kí n má sunkún mọ́. Ó ní Baindu á tún pè."